Ọ̀rá, ìgò àti rọ́bà tó ń kún ilé: kí lẹ ń fi tiyín ṣe?

Ìyàwó_Ṣómólú:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti ike ni mo gbé wá. Láti Jánúárì 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de tékàwéè funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025, òfin tún dé orí sítíróò, ife àti ṣíbí ike àlòdànù, pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń kó ọjà sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ilé ìdáná yín: ṣé àwọn yẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀? Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló pọ̀ jù, ìgò omi àti ti mínírà, kẹ́ẹ̀gì òróró, rọ́bà áísìkirìmù, rọ́bà pẹ́ńtì, sàṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì. Òfin yẹn ò kan ìgò àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ojoojúmọ́ la sì ń rà wọ́n wọlé.

Ogún ọ̀rá ló wà nínú àpò píọ́ wọ́tà kan. Ilé tó bá ń mu àpò kan lójúmọ́, 600 ọ̀rá nìyẹn lóṣù, ká má tíì ka àpò tí wọ́n kó wọn sí. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ládùúgbò wa kì í wá déédéé, òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rọ̀, ohun tí a dà sílẹ̀ lánàá ló ń dí gọ́tà, tí omi á sì padà wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò fẹ́ kí tilé mi wà nínú ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fi tiyín ṣe, ohun tó wúlò lóòótọ́, tí kì í ṣe pé ká kàn kó o jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé, kò sí àgbàlá, kọ́rídọ̀ ni mo ní. Èwo ló ṣeé kó oúnjẹ sí, èwo ni kò ṣeé kó o sí? Ta ló sì ń ra èyí tó bá ṣẹ́kù? Ẹ má kàn sọ pé kí n dáná sun ún o.

Màmá_Olóúnjẹ_Yaba:
Ìyàwó wa, o ṣeun tó o béèrè. Oúnjẹ ni mò ń sè tà, kẹ́ẹ̀gì àti rọ́bà ò wọ́n lọ́dọ̀ mi. Fífọ̀ ló ṣáájú gbogbo ẹ̀. Ike tó bá ti dé inú garawa ìdọ̀tí, tó ti pò mọ́ ọbẹ̀ àti èèpo ẹ̀wà, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, ẹni tó fẹ́ rà á náà ò ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bó o bá ṣe ń lo ohun tó wà nínú ẹ̀ tán báyìí ni kó o ṣan án. Omi tó o fi ṣan abọ́ kẹ́yìn ti tó fún un, kò dìgbà tó o bá pọn omi mìíràn.

Kẹ́ẹ̀gì òróró ló le jù, torí ọwọ́ ò wọ inú ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń dojú ẹ̀ kọ abọ́ kó ro mọ́jú. Òróró tó bá ro sílẹ̀ tó dín ẹyin. Lẹ́yìn náà, màá bu ìrẹsì gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, tàbí iyanrìn tí mo ti fọ̀, màá da ọṣẹ abọ́ díẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, màá dé e, màá wá mì í bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì yẹn ló ń ha inú ẹ̀ fún mi. Dà á nù, ṣan án títí omi tó ń jáde ò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Tó bá ṣì ń rùn, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ju èèpo ẹ̀ náà sí i, pọnmi kún un kó sùn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, dà á nù, kó o dojú ẹ̀ délẹ̀ nínú oòrùn láìfi ọmọrí sí i. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá dé nígbà tó ṣì tutù, òórùn burúkú ni yóò máa ti inú ẹ̀ jáde.

Ní ti gọ́ọ̀mù tó máa ń ṣẹ́kù sára ìgò tí wọ́n bá bó ìwé ara ẹ̀ tán: fi òróró pa ibẹ̀, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o wá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Á lọ.

Tísà_Akọka:
Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Èmi fẹ́ dáhùn èyí tó kan oúnjẹ. Ẹ dojú ike náà délẹ̀, ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Àmì onígun mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà wà nínú ẹ̀, láti 1 dé 7. Irú ike tí wọ́n fi ṣe é ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò fi hàn pé ó dáa tàbí pé kò dáa.

1 ni ìgò omi àti ìgò mínírà, PET lorúkọ ẹ̀. Ohun tútù nìkan ni kẹ́ ẹ rọ sí i. Ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 75 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, bẹ́ẹ̀ 100 ni omi tó ń hó. Ìdí nìyẹn tí ìgò náà fi ń súnkì, tí ọrùn ẹ̀ ń wọ́, tí wọ́n bá da ògì gbígbóná sí i. 2 ni kẹ́ẹ̀gì òróró àti ìgò ọṣẹ olómi, ike líle tí a ò lè rí inú ẹ̀ kedere. Ó lágbára, ó sì máa ń pẹ́. 4 ni ọ̀rá tó rọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rá píọ́ wọ́tà wà níbẹ̀. 5 ni rọ́bà áísìkirìmù àti rọ́bà tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí níbi àríyá. Nínú àwọn tó wọ́pọ̀ nílé wa, òun ló gba ooru jù, òun ni kẹ́ ẹ fi máa kó ọbẹ̀ sí fírísà. 6 ni tékàwéè funfun tí òfin ti dè. Tó bá ṣì kù nílé yín, ẹ má tún bu oúnjẹ gbígbóná tàbí ọbẹ̀ ọlọ́ràá sí i. Ẹ má fi 3 àti 7 kó oúnjẹ.

Ó ku ohun kan. Ẹ má gbàgbé ohun tó wà nínú ike yẹn tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà 5 lè wà nídìí rọ́bà pẹ́ńtì tí wọ́n fi kun ilé, síbẹ̀ kì í ṣe rọ́bà gàárì. Ẹ fi kó aṣọ ìdọ̀tí, ẹ fi kó irinṣẹ́, ẹ fi pọnmi ìfọlẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn gàárì lọ́jà, èyí tí pẹ́ńtì ò wọ̀ rí ló yẹ kó jẹ́, ẹ̀tọ́ wa sì ni láti béèrè.

Bàbá_Elẹ́fọ̀ọ́_Kẹtu:
Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ mi, kọ́rídọ̀ tó gbin ẹ̀fọ́ jẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àfi kéèyàn ní àgbàlá.

Orí ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ti mu omi inú ẹ̀ tán, fi sísọ́ọ̀sì gé orí ẹ̀ gbọọrọ láti etí kan dé èkejì. Fi ìṣó lu ihò mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Má fo ihò yẹn, torí omi tó dúró sídìí gbòǹgbò ń pa ọ̀gbìn kékeré ju oòrùn lọ. Po ilẹ̀ dúdú ìdá méjì, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ìdá kan, iyanrìn ìdá kan. Kí ìgbẹ́ adìyẹ yẹn ti gbó o! Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ adìyẹ máa jó gbòǹgbò. Rọ ọ́ sínú ọ̀rá kó ku ìwọ̀n ìka méjì kó kún, gbin kóró méjì-méjì sí i, kó o fa èyí tí kò bá lágbára tu lẹ́yìn tí wọ́n bá hù. Ata rodo àti tòmátò ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n á ti tó ṣí lọ síbi tó tóbi.

Àléébù kan tí ọ̀rá yẹn ní ni pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá. Gbòǹgbò ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ sì máa ń hù sára ọ̀rá nínú. Kó wọn jọ kí wọ́n fún mọ́ra nínú páálí kí wọ́n lè máa ṣíji bo ara wọn. Inú ọ̀rá dúdú ni àwọn tó ń tọ́jú ọmọ kòkó àti ọmọ ọ̀pẹ ń gbìn ín sí, ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ní ti kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, dá a dùbúlẹ̀, gé ojú tó kọ òkè kúrò, lu ihò sí èyí tó kan ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú á rí àyè nínú ẹ̀ dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, wàá ti máa já tẹ̀tẹ̀. Má fà á tu. Já orí ẹ̀, á tún rúwé. Ata fẹ́ ibi tó jìn ju ìyẹn lọ, kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá tí wọ́n gé orí ẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìgò omi ló ń bá mi bomi rin wọ́n. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ tí mo fi iná àbẹ́là yan lu ihò kan ṣoṣo sí ọmọrí ẹ̀, màá gé ìdí ìgò náà, màá ri ọrùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò, màá wá máa pọnmi sí i láti ibi ìdí tí mo gé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kán sílẹ̀. Tó bá yára gbẹ jù, ihò yẹn ti tóbi, ọmọrí mìíràn ni kó o lò.

Mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ èyí o. Ike èyíkéyìí tí omi bá dá dúró sínú ẹ̀, ẹ̀fọn máa yé sí i. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ kí ẹyin yẹn tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ dojú kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ bá kó pamọ́ délẹ̀, ẹ sì máa da omi inú àwo tó wà lábẹ́ ọ̀gbìn yín nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ìyàwó_Ṣómólú:
Ẹ ṣeun gan-an ni bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló ń dé kọ́rídọ̀ wa. Tó bá ti di ọ̀sán, ilé kejì ti bò ó. Kí ni kí n gbìn?

Bàbá_Elẹ́fọ̀ọ́_Kẹtu:
Gbúre. Kò kọ ibòji. Tó o bá rà á lọ́jà, já ewé ẹ̀ sínú ọbẹ̀, ki igi tó kù bọ inú ilẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, bomi rin ín, á ta gbòǹgbò. Èfìnrín náà á gbìyànjú níbẹ̀. Ata àti tòmátò ní tiwọn, níbi tí oòrùn ò bá ti tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ewé lásán ni wọ́n máa gbé jáde.

Télọ̀_Ìsàlẹ̀Èkó:
Ẹ káàsán o. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ṣeé rán. Ní Accra, láti 2007 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Trashy Bags ti ń fi ọ̀rá omi rán báàgì, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tó kọjá agbára télọ̀ Èkó.

Ẹ tú ọ̀rá náà ní ẹ̀gbẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ. Báàgì tó máa gbé iṣu àti rodo láti ọjà, ìpele méjì ló yẹ kó jẹ́. Àṣírí ibẹ̀ wà nínú ìránṣọ gan-an: abẹ́rẹ́ tuntun tó mú, kí ìgbésẹ̀ máṣìnnì sì gùn. Tí ojú abẹ́rẹ́ bá sún mọ́ra jù, ńṣe ni ọ̀rá máa ya tẹ̀lé ojú ìrán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbé ẹrù sí i. Ẹ má fi píìnì gún un káàkiri, torí ihò píìnì ò ní dí mọ́. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sáṣọ ni kẹ́ ẹ fi dì í mú. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ máṣìnnì, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé e lórí, ẹ rán an pọ̀, kẹ́ ẹ wá ya bébà náà kúrò. Àjákù ańkárá ni kẹ́ ẹ fi ká etí ẹ̀, òun náà ni kẹ́ ẹ fi ṣe ọwọ́ ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ọwọ́ ọ̀rá, ó máa ń gé èèyàn lọ́wọ́ tí ẹrù bá wúwo.

Báàgì bẹ́ẹ̀ kò bẹ̀rù òjò. Ẹja tútù ni ìyá mi máa ń fi tiẹ̀ rà, tó bá délé á kàn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á fi kọ́ sórí okùn.

Ẹni tí kò ní máṣìnnì lè gé ọ̀rá ọjà ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, kó so wọ́n pọ̀, kó fi abẹ́rẹ́ kọ́rọ́ṣè hun ún di ẹní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n kì í jẹrà.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Súrùlérè:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí àwọn kan wà tí kò yẹ ká tún lò rárá. Ìgò oògùn apakòkòrò, ike oògùn eku, kẹ́ẹ̀gì ásíìdì bátìrì: ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ lu ìdí ẹ̀ jò kí ẹlòmíì má baà ṣà á lò, kẹ́ ẹ sì wé e lọ́tọ̀ sínú ìdọ̀tí.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má rọ kẹrosíìnì tàbí omi ìfọṣọ funfun sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ò ní fi imú gbọ́ ọ kó tó gbé e sẹ́nu. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Nígbà tó bá ń bì í ni kẹrosíìnì máa ń rí ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ewu tó pọ̀ jù wà. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìgò náà dání.

Bákan náà, ẹ dákun, ẹ yéé fi ọ̀rá dáná èédú. Èéfín dúdú yẹn ní májèlé nínú, ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn nídìí iná náà ń fà á símú bí ìyá ẹ̀ ṣe ń fà á. Ògùṣọ̀ wà lọ́jà, pákó wẹ́wẹ́ wà ní sọ́ọ̀bù káfíńtà, èèpo ọsàn tó gbẹ náà máa ń gbiná dáadáa.

Mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá náà kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Màmá_Olóúnjẹ_Yaba:
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí lọ́jà. Ewé ti wọ́n. Ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín fáwọn ọmọ iléèwé, tó bá fi owó ewé kún un, wọn ò ní rà á. Fífọ ewé náà gba omi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń ra omi tá a fi ń fọ̀ ọ́. Ìdí tí ọ̀rá fi gbòde nìyẹn, kì í ṣe pé àwọn obìnrin ò mọ ohun tó dáa.

Àmọ́ ọ̀nà míì wà. Agolo mílíìkì tí wọ́n gé orí ẹ̀ mọ́, tí kò ní ìpẹtà, àti àwọn ife sítéènì kékeré ni mo fi ń se tèmi lójoojúmọ́. Ẹ fi òróró pa inú ẹ̀, ẹ bu ẹ̀wà lílọ̀ dé ìdajì ó lé díẹ̀, ẹ tẹ́ pákó tàbí èèpo igi ewé sídìí ìkòkò kí wọ́n má baà ṣubú. Ewé eéran wà fún ọjọ́ àríyá, torí ẹni tó gbé àríyá wá máa san owó ewé.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Súrùlérè:
Ẹ ṣeun, màmá. Òótọ́ lẹ sọ nípa owó àti omi, mi ò bá obìnrin kankan wí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún omi tútù ló máa ń wà nínú omi híhó fún bíi wákàtí kan, tí ẹ̀wà pẹ̀lú òróró sì wà nínú ẹ̀. Agolo àti sítéènì yín yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn tó ń tà lágbègbè yín.

Bàbá_Ẹ̀bútéMẹ́ta:
Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún la fi ṣe ẹ̀rọ ìfọwọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá ilé wa. Lu ihò kékeré sí ara ẹ̀ nísàlẹ̀ ibi ọrùn, fi okùn gbé e kọ́ sórí igi tí wọ́n gbé dábùú, so okùn mìíràn mọ́ ọrùn ẹ̀ kó wálẹ̀ dé ara igi kan tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Tó o bá tẹ igi yẹn, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀ síwájú, omi á dà sí ọ lọ́wọ́, o ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Omi tó ń lọ sórí ọwọ́ kéré gan-an, ó dáa fún ilé tí wọ́n ti ń ra omi. Fi ọṣẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó, so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé ìdí ẹ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ló ń bu gàárì àti ìrẹsì nílé wa. Orí ìgò tí wọ́n gé ni àrọ tí a fi ń rọ epo.

Ọmọ_Òbáléndé:
Ní ti èmi, fírísà ni. Mo máa ń pọnmi sínú ìgò ike kó ku díẹ̀ kó kún, torí omi máa ń fẹ̀ tó bá di yìnyín, ìgò tó kún dé ẹnu máa ń ya. Àyè tó bá ṣófo nínú fírísà ni mò ń tò wọ́n sí. Tí wọ́n bá mú iná lọ, yìnyín yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹja tètè bàjẹ́, tó bá sì yọ́ tán, a ó mu ún.

Ọmọ_Bàrígà_Oníkílò:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi ni ẹ̀ ń sọ yìí. Láti ilé dé ilé ni mo ti ń ra ìgò àti ọ̀rá, lẹ́yìn náà ni màá tún un tà fáwọn tó ń lọ̀ ọ́. Kílò la fi ń rà á. Iye ẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni bíi méjì kẹ́ ẹ tó tà.

Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ló ń sọ iye tó máa wọ ọwọ́ yín. Ìgò tó mọ́ gaara lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, kẹ́ẹ̀gì àti ìgò ọṣẹ lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀. Ẹ tú ọmọrí kúrò, torí ike mìíràn ni wọ́n fi ṣe é, ẹ kó gbogbo ọmọrí sínú rọ́bà kan. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìgò kó pẹlẹbẹ, àpò kan á gba púpọ̀. Kí ọ̀rá gbẹ kẹ́ ẹ tó kó o sápò. Omi inú ọ̀rá wúwo, ẹni tó ń rà á mọ̀, yóò sì yọ ọ́ nínú owó yín. Ohun tí Màmá Olóúnjẹ sọ lókè yẹn gan-an ni: ìgò tí epo wà nínú ẹ̀ máa ń ba gbogbo àpò jẹ́, mo ti rí ibi tí wọ́n ti dá odindi ẹrù padà nítorí ẹ̀.

Ìgò PET tẹ́ ẹ bá tà, wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ, ó lè di òwú tí wọ́n ń rọ sínú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí. Ẹ ò rí i pé kò yẹ kó wà nínú gọ́tà?

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ṣe é l'Ékòó. Nígbà tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀ ní 2012, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ̀ láti gba ike lẹ́nu ọ̀nà, tí onílé á sì máa gba póìntì lórí fóònù tó lè fi gba ẹ̀bùn. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé ìwé kan tó ń jẹ́ Morit International School gba ìgò ike lọ́wọ́ òbí dípò owó ilé ìwé, ètò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú African Cleanup Initiative. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an, torí mo mọ ohun tí owó ilé ìwé máa ń fojú òbí rí.

Ìyàwó_Ṣómólú:
Àbúrò mi, o ṣeun. Sàṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì àti ti ṣokoléètì ńkọ́, pẹ̀lú ọ̀rá bísíkíìtì tó ń dán bíi fàdákà nínú? Ṣé ẹ ń ra ìyẹn náà?

Ọmọ_Bàrígà_Oníkílò:
Rárá, àǹtí. Ike àti alumíníọ́mù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele, ó ṣòro láti yà wọ́n. N kò tíì rí ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi.

Tísà_Akọka:
Mo ní èsì fún èyí, àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń bá mi ṣe é. Ẹ mú ìgò omi lítà kan àtààbọ̀ tó mọ́, tó sì gbẹ. Ẹ fọ sàṣẹ́ẹ̀tì, ẹ sá a kó gbẹ pátápátá, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kì í mọ́ inú ìgò. Ìdí ìgò lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá rírọ̀ dí igun ẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń ṣófo. Tẹ́ ẹ bá kì í tán, ẹ gbé e lé ìwọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ tó 500 gíráàmù, bí kò bá tó, ẹ ṣì máa kì í lọ. Ìgò kékeré tó gba ìdajì lítà, 165 gíráàmù ni tiẹ̀. Ìgò tó bá wúwo tó bẹ́ẹ̀ máa le, èèyàn lè jókòó lé e láìtẹ̀. Kí ohunkóhun tútù má wọ inú ẹ̀ o, ìyókù oúnjẹ kékeré lè jẹrà níbẹ̀, kí atẹ́gùn ẹ̀ sì wú ìgò náà.

Ẹ di wọ́n pọ̀ pẹ̀lú sẹ́lótéèpù fífẹ̀, kí gbogbo wọn ga dọ́gba, ẹ gé pákó tàbí páálí líle lé orí àti ìdí ẹ̀, ẹ fi fóòmù tó ti gbó àti ańkárá bò ó. Àpótí ìjókòó nìyẹn. Ẹ má gbé e sínú oòrùn láìbò ó, torí oòrùn ń jẹ ike. Ní Kàdúná ní 2011, ilé odindi ni wọ́n fi ìgò ike kọ́, iyanrìn ni wọ́n rọ sínú tiwọn, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà lè rọ iyanrìn gbígbẹ dípò sàṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá ń kánjú, àmọ́ ó máa wúwo láti gbé kiri.

Ọmọrí tẹ́ ẹ bá kó jọ, ẹ yọ àwọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n á fi ta dúráàfù.

Ìyàwó_Ṣómólú:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Láti òní, àpò mẹ́rin ló máa wà ní kọ́rídọ̀ wa: ti ìgò, ti kẹ́ẹ̀gì, ti ọ̀rá, ti sàṣẹ́ẹ̀tì. Mo ti bá ìyá onílé sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí gbogbo ayálégbé máa kó tiwọn síbẹ̀. Ọmọ Bàrígà, ìwọ̀n wo ló gbọ́dọ̀ tó kó o tó wá gbà á?

Ọmọ_Bàrígà_Oníkílò:
Tí ìgò bá ti kún àpò ìrẹsì ńlá méjì tó ti wà pẹlẹbẹ, ẹ ránṣẹ́ sí mi níbí, àǹtí. Màá gbé ìwọ̀n dání, a ó jọ wọ̀n ọ́n lójú yín, màá sì san owó ẹ̀ lọ́wọ́ kan. Ẹ bá mi di ẹnu àpò ọ̀rá dáadáa kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ẹ lọ sí gọ́tà kí n tó dé.

Bàbá_Elẹ́fọ̀ọ́_Kẹtu:
Ẹ yọ ọ̀rá píọ́ wọ́tà bí ogójì sílẹ̀ kó tó kó o lọ. Èèhù ata rodo wà lọ́dọ̀ mi tó ti tó ṣí, ìyàwó wa, wá gbà lára ẹ̀ fáwọn ará ilé yín tí oòrùn ń dé ẹ̀yìn wọn.

Ìyàwó_Ṣómólú:
Mo ń bọ̀ lọ́la lẹ́yìn aago mẹ́rin, bàbá. Màá gbé igi gbúre wá fún yín.